Dọ́sìbìn tí kì í rùn: bí a ṣe ń dín pàǹtírí ilé ìdáná kù l'Ékòó

Lọ́jọ́ Sátidé la ra tòmátì. Kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìdajì rẹ̀ ti rà. A kó o sínú ọ̀rá, a so ó, a gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn de ọkọ̀ PSP, àwọn tó ń kó pàǹtírí l'Ékòó. PSP ò wá lọ́jọ́ tó yẹ kó wá. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, omi ti ṣàn lábẹ́ ọ̀rá, ìdin ti ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà alábàágbélé. Ẹlòmíràn á ra dọ́sìbìn tuntun tó ní ìdérí, á tún fín oògùn eṣinṣin. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni.

Ìdí tí kò fi yanjú ni pé àtúnṣe yẹn ti pẹ́ jù. Ohun tútù tó dà pọ̀ mọ́ ohun gbígbẹ ló ń rùn, ohun tútù yẹn sì ti di pàǹtírí kó tó dé inú dọ́sìbìn rárá. Alẹ́ ọjọ́ tí a ti ọjà dé ló ti bàjẹ́, nígbà tí a já gbogbo ẹrù sílẹ̀ nínú ọ̀rá, tí a ní ó di ọ̀la. Tí ẹ bá lè tún alẹ́ ọjọ́ ọjà yẹn ṣe, ìyókù á rọrùn. Ẹni tó ń gbé ní fúláàtì tàbí ilé ojúkojú, tí kò ní ẹ̀yìnkùlé, tí iná kì í dúró fún, ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tí ẹ máa nílò

Kò sí èyí tó yẹ kí ẹ torí ẹ̀ ná owó ńlá nínú wọn. Púpọ̀ ti wà nílé.

- Rọ́bà pẹ́ńtì lítà 20 méjì, pẹ̀lú ìdérí wọn
- Rọ́bà kékeré kan tó ní ìdérí, tó máa wà nítòsí ibi tí ẹ ti ń bó nǹkan
- Agbọ̀n pẹlẹbẹ méjì tàbí mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá
- Àgékù aṣọ òwú tó mọ́ (ìró àtijọ́ dára gan-an)
- Ìgò tàbí àwo tó ní ìdérí tó dé pa, àti kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó gbẹ fún ẹ̀wà
- Lẹ́búlẹ́bú pákó tí káfíńtà ń gbá dànù, tàbí ewé gbígbẹ. Lára pákó gidi ni kí ó ti wá. Èyí tó wá láti ara plywood tàbí pákó tí wọ́n kun oògùn sí kò dára, nítorí gọ́ọ̀mù àti oògùn inú rẹ̀.
- Àpò ọjà tó nípọn, kẹ́ẹ̀gì epo àti abọ́ onídèérí fún ẹran

Ìpele 1: Kí ẹ tó jáde lọ sọ́jà

Ẹ kọ́kọ́ ṣí fíríìjì, ẹ ṣí àwọn agbọ̀n, kí ẹ wo ohun tó kù. Ọbẹ̀ wo ni ilé yìí máa jẹ láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí i? Ìyẹn nìkan ni kí ẹ ra ata àti ẹ̀fọ́ fún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni Mile 12. Òótọ́ ni pé owó ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n odindi apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan kì í ṣe ẹrù ilé ènìyàn mẹ́rin. Tí ẹ bá fẹ́ owó Mile 12, ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn ará ilé tàbí ará àdúgbò, kí ẹ pín apẹ̀rẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Tí ẹ kò bá rí ẹni bá yín pín in, ẹ lọ sí Oyíngbò tàbí Mushin, kí ẹ ra ìwọ̀n rọ́bà pẹ́ńtì kékeré kan. Iye tí wọ́n fi lé e kò tó èyí tí ẹ máa kó dà nù nínú apẹ̀rẹ̀.

Nídìí ìsọ̀, ẹ má ṣa tòmátì tó pọ́n nìkan. Ẹ bẹ ìyá alátà kí wọ́n fún yín ní mélòó kan tó ṣì le. Èyí tó pọ́n jẹ́ ti òní, èyí tó le jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta sí i. Tòmátì tó fọ́ tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú kò burú, tí ẹ bá máa sè é lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tó ti bu, tí funfun tàbí dúdú ti hù lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Tòmátì rọ̀, ohun tó hù náà sì ti wọ inú rẹ̀ ju ibi tí ojú rí lọ, nítorí náà gígé kò tán an.

Ní ti ọ̀rá, ẹ na àpò yín síwájú kí ọwọ́ òǹtajà tó kan ọ̀rá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de àwo funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí ní oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì ti fi ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ òfin lórí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àwọn ike ìlò ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kọ́ ló máa yọ ọ̀rá kúrò nílé yín. Abọ́ ẹran tí ẹ gbé lọ́wọ́ ló máa yọ ọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* tí ẹ bá délé, ẹ tú àpò sílẹ̀. Tí ọ̀rá tó wà níbẹ̀ bá ju méjì lọ, ẹ wo ohun tó wà nínú wọn, kí ẹ mú abọ́ tirẹ̀ dání nígbà míì.

Ìpele 2: Alẹ́ ọjọ́ ọjà

Ẹ fún iṣẹ́ yìí ní wákàtí kan, kó tó di pé ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, pàápàá tí gọ̀-sílóò ti dá yín dúró lọ́nà, ṣùgbọ́n òógùn tó ń jáde lára ata nínú ọ̀rá kò dúró de ẹnikẹ́ni. Tí ooru Èkó bá bá a níbẹ̀ di òwúrọ̀, ó ti parí.

Ẹ tú ohun gbogbo kúrò nínú ọ̀rá, títí kan èyí tí wọ́n so pọ̀ ní dìídì. Lẹ́yìn náà, ẹ pín ata àti tòmátì sí mẹ́ta: èyí tó ti fọ́ tàbí tó rọ̀, èyí tó pọ́n tó ṣì dára, èyí tó le. Ẹ máa sè ti àkọ́kọ́ lálẹ́ yìí, ìyẹn ni ìpele 3. Ẹ tẹ́ àwọn méjì tó kù sínú agbọ̀n, kí wọ́n má gun ara wọn, kí oòrùn má kàn wọ́n.

Ẹ má fọ ohun tí ẹ kò ní sè lónìí. Ìkìlọ̀ tí mo máa ń tún sọ jù nìyí, nítorí ó dà bí ìmọ́tótó, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Omi tó kù lẹ́nu ìdí tòmátì àti lábẹ́ ewé ẹ̀fọ́ ló ń mú wọn rà. Ẹ nù ún tó bá ní yẹ̀pẹ̀, kí ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó.

Ata rodo, ẹ má já ìdí rẹ̀. Ojú ibi tí ẹ bá já ni ìrà ń gbà wọlé.

Ẹ̀fọ́ ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ àti ugwu: ẹ tú okùn rẹ̀, ẹ ṣa ewé tó ti pọ́n kúrò, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sómi tí ẹ sì fún dáadáa wé ìsàlẹ̀ igi rẹ̀, ẹ nà án sínú agbọ̀n níbi tó tutù jù nínú ilé. Ewédú kò ní sùúrù. Alẹ́ yẹn ni kí ẹ já a, tàbí kí ẹ má rà á rárá lọ́jọ́ tí ẹ kò ní sè é.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n, àgbàgbà tàbí ti wẹ́wẹ́, ẹ gbé e jìnnà sí tòmátì àti ẹ̀fọ́. Ó ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí ojú ò rí, afẹ́fẹ́ náà a sì máa mú gbogbo èso tó bá wà nítòsí pọ́n kíá, ewé á sì tètè pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀pọ̀ ló ń kó wọn papọ̀ sínú agbọ̀n kan, tí wọ́n á wá máa bú alátà.

Àlùbọ́sà fẹ́ gbígbẹ àti afẹ́fẹ́; ẹ má kó òun àti ọ̀dùnkún pọ̀ sójú kan. Iṣu kò gbọdọ̀ fara kan sìmẹ́ńtì tútù, ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ gé kù, ẹ má fi ọ̀rá dì í lójú. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ, tàbí kí ẹ fi eérú igi pa á, kí ẹ sì bẹ́ fẹ́lẹ́ kúrò lójú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sè é.

Ẹ̀wà: ẹ ṣà á, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá da á sínú kẹ́ẹ̀gì títí dé ọrùn, kí ẹ dé e pa. Bó ṣe kún tí kò sí àyè afẹ́fẹ́ ló ń pa kòkòrò inú rẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣí i lójoojúmọ́, kò ní ṣiṣẹ́, torí náà ẹ bu ti ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da oògùn apakòkòrò kankan sórí ẹ̀wà, bó ti wù kó kéré mọ. Oògùn olómi tí wọ́n ń fín sí yàrá lè pa ènìyàn láti inú ẹ̀wà, fífọ̀ kò sì lè yọ ọ́ kúrò tán.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ agbọ̀n tòmátì. Ó yẹ kó gbẹ. Tó bá tutù, èyí kan ti fọ́ láàárín wọn. Ẹ wá a jáde kó tó ran àwọn yòókù.

Ìpele 3: Ata sísè tí kì í kan

Gbogbo ilé ló ń se ata kalẹ̀, síbẹ̀ ibí ni oúnjẹ ti ń ṣòfò jù. Omi tí ẹ fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń mú un kan.

1. Ẹ fọ ata àti tòmátì, ẹ gé ibi tó bá ti fọ́ kúrò, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ má fi omi kún un ju ìwọ̀nba tí ẹ̀rọ nílò lọ.

2. Ẹ dà á sínú asẹ́ olójú wẹ́wẹ́ lórí abọ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Omi pupa tó bá kán sílẹ̀, ẹ má dà á nù. Ẹ fi se ẹ̀wà tàbí ìrẹsì lálẹ́ yẹn. Ó ń dín gáàsì kù pẹ̀lú, torí omi tí ẹ ti sẹ́ kúrò, ẹ kò ní lo iná láti gbẹ ẹ́ mọ́.

3. Ẹ gbé ata sórí iná tó mọ níwọ̀n, láìsí epo, láìdé ìkòkò. Ìdérí ń sọ ooru tó ń jáde lára rẹ̀ di omi padà. Ẹ máa rò ó kó má jóná.

4. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta sókè, tí ìró rẹ̀ yí padà, ẹ fi ṣíbí fa ìlà la ìsàlẹ̀ ìkòkò. Tí omi bá ṣàn padà bo ìlà náà, kò tíì tó. Tí ìlà bá dúró, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

5. Ẹ pín in ní ìwọ̀n ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan sínú àwo tó gbẹ, ẹ fi aṣọ bò ó títí ooru á fi lọ, kí ẹ tó dé e pa. Àṣìṣe méjì ló pọ̀ níbí. Àwọn kan ń da ata gbígbóná sínú ọ̀rá. Àwọn mìíràn sì ń fi odindi ìkòkò kan pamọ́, tí wọ́n ń fi ṣíbí tútù bù nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Omi ẹnu ṣíbí kan ti tó láti ba ìkòkò jẹ́.

Tí fíríísà yín bá ń rí iná díẹ̀, ẹ kún un. Ẹ fi ìgò ike tí ẹ bu omi sí dí gbogbo àyè tó ṣófo. Tí iná bá lọ, yìnyín yẹn á máa bá yín mú un tutù. Fíríísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè dá oúnjẹ dúró fún bí wákàtí 48. Tí ìdajì rẹ̀ bá ṣófo, bí wákàtí 24. Fíríìjì lásán kò ju nǹkan bíi wákàtí 4 lọ. Torí náà, nígbà tí iná bá lọ, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má máa ṣí i wò.

Tí kò bá sí fíríìjì rárá, ẹ se ata ọjọ́ méjì péré, kí ẹ máa sè é hó dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ má da ata tuntun lé ti àná lórí. Tí ẹ bá rí ìfófó tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí òórùn rẹ̀ ti kan, ó ti bàjẹ́. Epo púpọ̀ tàbí iná líle kò ní gbà á là.

Nígbà ọyẹ́, ní December sí January, ẹ lè sá ata rodo àti tòmátì tí ẹ là sí méjì sórí asẹ́, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eṣinṣin. Ẹ má dán an wò nígbà òjò. Dípò kó gbẹ, bíbu ló máa bu.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lọ́jọ́ kejì, tí ẹ bá ṣí àwo, kò yẹ kí omi wà lórí ata tàbí kó máa kán lábẹ́ ìdérí. Tó bá wà, ẹ dá a padà sórí iná lójú ẹsẹ̀.

Ìpele 4: Ìyókù oúnjẹ

Ìrẹsì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Èyí tó sùn sínú ìkòkò mọ́jú nínú ooru, gbígbóná kò sọ ọ́ di tuntun: kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń da májèlé sínú rẹ̀, iná kì í sì í pa májèlé náà. Tó bá ti ju wákàtí méjì lọ tí ìrẹsì ti wà nílẹ̀ láìsí fíríìjì, ẹ má tọ́jú rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ wọn ìrẹsì kí ẹ tó sè é. Ẹ kọ iye tí ilé yín jẹ tán gan-an sára ògiri. Kì í ṣe iye tí ẹ rò.

Ìyókù ní ọ̀nà tirẹ̀. Àgbàgbà tó ti rọ̀ jù, ẹ gún un pẹ̀lú ata àti iyọ̀, kí ẹ din ín ní wẹ́wẹ́ bí dòdò Ìkirè. Iṣu sísè, ẹ din ín lárààárọ̀. Orí ẹja àti egungun ẹran, ẹ sè wọ́n fún omi ọbẹ̀. Èérí ògì, èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ wá ẹni tó ń sin ewúrẹ́ tàbí adìyẹ ní àdúgbò, kí ẹ bá a dá ọjọ́. Inú rẹ̀ á dùn. Búrẹ́dì gbígbẹ ṣì wúlò, èyí tó ti bu kò wúlò fún ènìyàn, kò sì wúlò fún adìyẹ.

Ìpele 5: Rọ́bà ajílẹ̀

Èèpo àti ewé tó bá kù lẹ́yìn gbogbo èyí ló ń rùn nínú dọ́sìbìn. Rọ́bà kan lórí bákónì máa sọ ọ́ di ilẹ̀ dúdú.

Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdí rọ́bà pẹ́ńtì àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, bí ihò ogún. Ẹ gbé e lé bíríkì méjì, kí ẹ fi àwo pẹlẹbẹ sábẹ́. Ẹ tẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó ga tó ìka mẹ́ta.

Lálaalẹ́, ẹ gé ohun tó wà nínú rọ́bà kékeré ilé ìdáná sí wẹ́wẹ́, ẹ dà á sínú rẹ̀, ẹ wá fi lẹ́búlẹ́bú pákó tàbí ewé gbígbẹ ìlọ́po méjì bò ó. Tí ewé kankan bá ṣì hàn lójú, ẹ kò tíì bò ó tó. Ibí ni púpọ̀ nínú àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ ti jáwọ́: wọ́n da èèpo sí i, wọn ò da gbígbẹ lé e, eṣinṣin dé, wọ́n ní kò ṣe é ṣe l'Ékòó.

Ẹ má da ẹran, ẹja, egungun, epo, ọbẹ̀ tàbí oúnjẹ sísè sí i. Eku á gbọ́ òórùn rẹ̀ láti òpópónà kejì, eku sì ni ó ń gbé ibà Lassa wọlé. Èèpo ọsàn, díẹ̀díẹ̀ ni.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fi igi rò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Tí ó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ló pọ̀ jù, ẹ fi gbígbẹ kún un, kí ẹ rò ó. Tí ó bá gbẹ táútáú tí kò yí padà, ẹ fi omi tí ẹ fi fọ ìrẹsì wọ́n ọn. Tí rọ́bà kìíní bá kún, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkejì.

Ẹni tó wà nílé ojúkojú lè bẹ̀rù pé àwọn ará ilé á ṣàròyé. Ẹ ṣí i hàn wọ́n kí wọ́n tó bèèrè. Kí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀ fúnra wọn. Tí ẹ bá ń bò ó dáadáa, òórùn pákó nìkan ni wọ́n máa gbọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un. Ó yẹ kí ẹ̀kán omi kan tàbí méjì jáde, kó má ṣàn. Èyí tó bá pé á dúdú, á máa ta sánsán bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ kò sì ní mọ èyí tí í ṣe èèpo iṣu nínú rẹ̀ mọ́.

Ìpele 6: Ohun gbígbẹ

Nígbà tí ohun tútù bá ti kúrò, ohun gbígbẹ kò ní wàhálà. Ẹ fi omi ìfọbọ́ tó kẹ́yìn ṣan ìgò, agolo àti ike, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ, ẹ kó wọn sínú àpò kan fún àwọn tó ń ṣa ike kiri àdúgbò. Ẹ tẹ páálí pẹrẹsẹ. Ẹ lè ya díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú rọ́bà ajílẹ̀. Epo tí ẹ ti fi din nǹkan títí tó ti dúdú, ẹ má dà á sí síńkì tàbí gọ́tà. Ẹ dà á sínú ìgò, ẹ dé e pa. Epo tó dì nínú gọ́tà wà lára ohun tó ń dí omi òjò lọ́nà tó fi ń wọ ilé.

Àpò kejì ni ti PSP: ohun tí ẹnikẹ́ni ò rà, tí kò sì lè jẹrà. Egungun àti ìpẹ́ ẹja náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ẹ fi ìwé wé wọn dáadáa, kí ẹ kó wọn sí i ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wá nìkan. Tí fíríísà bá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn síbẹ̀ di ọjọ́ náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbé àpò PSP sókè lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó yẹ kó fúyẹ́, kí ìdí rẹ̀ sì gbẹ. Tí ìdí rẹ̀ bá tutù, ẹ tú u, kí ẹ wá ohun tó gbé omi wọ ibẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀fọ́ tí ẹ kò tú nínú ọ̀rá lálẹ́ ọjọ́ ọjà ni.